Àádọ́rin ti Abuja, Ọgbọ̀n ti Ọ̀wọ̀

Nínú ìlú Ọ̀wọ̀, ọmọ ìyá méjì lè jọ máa kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n jọ máa sùn nínú yàrá kan náà, síbẹ̀ kí àjọ tó ń ṣòfin lórí ẹ̀kọ́ ọ̀kan má lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá lórí ti èkejì. Bí ọ̀kan bá wà ní Rufus Giwa Polytechnic, Kaduna ni ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń wá, lọ́dọ̀ àjọ NBTE tí òfin ọdún 1977 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti polí. Bí èkejì bá wà ní Achievers University, Abuja ni tirẹ̀ ti ń wá, lọ́dọ̀ àjọ NUC tó ń bójú tó yunifásítì. Ọ́fíìsì kan náà ni àwọn méjèèjì lè jọ kọ̀wé sí láti wáṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn yàtọ̀, iye ọdún tí wọ́n lò yàtọ̀, ojú tí ìjọba fi ń wo àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ pẹ̀lú.

Òbí tó wà ní Ifọ́n tàbí Ìdóàní, tó ta kòkó kó tó rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìyàtọ̀ yìí kí owó tó jáde lápò. Torí irú òbí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àti torí ọmọ tó fẹ́ mọ ọ̀nà kó tó gbéra. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì dúró lé lórí: nínú ìlànà tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún yunifásítì, apá kan wà tí Abuja kò kọ, tó fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Apá náà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ojú àwọn ará ibí ti mọ ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́. Imade College ti wà láti ọdún 1946. Ní 1947 ni Michael Adékúnlé Ajáṣin di ọ̀gá àgbà rẹ̀, ipò tó wà títí di 1962, kó tó lọ dá Owo High School sílẹ̀ ní 1963. Nígbà tó wá di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ ló fìdí polí múlẹ̀ l'Ọ̀wọ̀. Ondo State Polytechnic ni wọ́n ń pè é nígbà náà; Rufus Giwa ni orúkọ tó ń jẹ́ báyìí. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Ajáṣin fúnra rẹ̀ kò jìnnà, ó wà ní Akùngbá-Àkókó láti 1999. Achievers ni àbíkẹ́yìn láàárín wọn: ọdún 2007 ló gba ìwé àṣẹ, amòfin Bọ́dé Ayọ̀rìndé ló dá a sílẹ̀, òun kan náà tó ṣojú ẹkùn Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ nílé aṣòfin kékeré láàárín 2015 sí 2019.

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni polí, ti aládàáni ni Achievers, èyí sì kan ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Owó TETFund, tí wọ́n ń yọ lára owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́, máa ń kọ́ gbọ̀ngàn, ó máa ń ra ẹ̀rọ, ó sì máa ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló ń jẹ níbẹ̀. Yunifásítì aládàáni kì í rí kọ́bọ̀ gbà lọ́dọ̀ wọn, owó tí àwọn òbí ń san ló fi ń ra kọ̀ǹpútà, òun náà ló fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò NUC bá dé, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n máa fi wọn òun àti yunifásítì tí TETFund ń bọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ polí, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí. Ọdún méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ND. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan tó gbọ́dọ̀ lò nídìí iṣẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IT. Ọdún méjì mìíràn ló tún fi ń gba HND. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún márùn-ún gbáko, ọ̀kan lé ní ti ọmọ yunifásítì tó lo ọdún mẹ́rin. Pẹ̀lú ìyẹn náà, bí olóyè HND bá fẹ́ gba másítà ní yunifásítì, wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe PGD. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ó ti pẹ́ tí àwọn olóyè HND ti ń pariwo pé àjà kan wà tí àwọn ò lè gòkè kọjá. Ní 2023, NBTE kéde ètò ọdún kan tí olóyè HND fi lè gba dìgírì lọ́dọ̀ yunifásítì òkè òkun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. NUC ta kò ó ní gbangba. Àjọ méjì tó wà lábẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń bá ara wọn fa wàhálà yìí o.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gba ND pẹ̀lú èsì tó dára lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, kó lo ọdún mẹ́ta sí i, kó sì gba B.Sc. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: méjì àti mẹ́ta di márùn-ún. Ọdún méjì ló lò ní polí, ọdún kan péré ni yunifásítì kà fún un. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà fún odidi ọdún méjì ní polí lè tún padà jókòó sí kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó wà nínú ìlú kan bá jókòó pọ̀, tí wọ́n fi kọ́ọ̀sì wọn wé ara wọn, wọn yóò rí ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti yunifásítì, ọdún 1962 ni ìjọba dá NUC sílẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gba ìjọba nímọ̀ràn. Ọdún 1974 ni òfin sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró. Àmọ́ òfin kẹrìndínlógún ti ọdún 1985 gan-an ló fi pàṣán lé e lọ́wọ́: láti ìgbà náà ni ó ti láṣẹ láti sọ ohun tó kéré jù tí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ, àti láti lọ wò ó bóyá wọ́n ń kọ́ ọ lóòótọ́. Ìwé ìlànà àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní MAS, jáde ní 1989; àyẹ̀wò àkọ́kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e ní 1990. Ní 2007 wọ́n fi BMAS rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni CCMAS dé, tí àwọn yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Nǹkan ńlá méjì ni CCMAS ṣe fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Èkíní, ó yọ ọ́ kúrò lábẹ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ka tó dá dúró láàárín ẹ̀ka 17 tí wọ́n pín gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì sí. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ewéko wà. Lábẹ́ ẹ̀ka tuntun yìí, dìgírì méje ló wà: Computer Science, Cyber Security, Data Science, Information and Communication Technology, Information Systems, Information Technology àti Software Engineering. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ "ń ṣe kọ̀ǹpútà" gbọ́dọ̀ béèrè èwo nínú méje náà. Bí ó bá wá jẹ́ Computer Engineering ni ọmọ ń kọ́, ìyẹn kò sí nínú méje rárá. Abẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló wà, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, àjọ COREN ló sì ń ṣọ́ ọ.

Nàìjíríà kọ́ ló dá ìpín yìí sílẹ̀. Purdue University l'Amẹ́ríkà ló dá ẹ̀ka Computer Science sílẹ̀ ní 1962, ọdún kan náà tí a bí NUC. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ ACM tẹ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ kan jáde, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì láyé wò kọ́. Nígbà tó fi máa di 2005, ìmọ̀ náà ti gbòòrò débi pé ẹgbẹ́ yìí àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ pín in sí márùn-ún. Ìmọ̀ ààbò orí kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ dátà wá dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Nílé níbí, Adenike Osofisan gba dìgírì Computer Science pẹ̀lú Economics ní Ifẹ̀ ní 1975, ó sì padà di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ náà ní Nàìjíríà. Olu Longe ti Ìbàdàn ló ṣáájú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àná lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àádọ́rin àti ọgbọ̀n, tí a ó padà sí láìpẹ́. Ó yẹ ká kọ́kọ́ ṣí ikùn dìgírì náà wò.

Ọmọ tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti Physics gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò JAMB. Physics ni òkúta ìkọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ti ní olùkọ́ Physics. Bí ó bá wọlé, ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò di yúnìtì. Yúnìtì kan jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ 15. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nídìí ẹ̀rọ ni, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń jẹ́ yúnìtì kan, tó túmọ̀ sí wákàtí 45 láàárín sáà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún yúnìtì tó dín sí 15 tàbí tó ju 24 lọ ní sáà kan. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ní yúnìtì 120 kó tó lè jáde.

Ọdún àkọ́kọ́ máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Wọ́n ti rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ni àwọn fẹ́ kọ́, wọ́n wá bá MTH 101, PHY 101, ìmọ̀ ìṣirò ìwádìí, àti kọ́ọ̀sì lórí àwọn ènìyàn àti àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà. COS 101 àti COS 102 nìkan ni kọ̀ǹpútà gidi tó wà níbẹ̀. Ọdún kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: COS 201 àti COS 202 fún kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, CSC 203 fún irú ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, àti kọ́ọ̀sì tó ń tú inú ẹ̀rọ palẹ̀ dórí bí 0 àti 1 ṣe ń di ìpinnu. Ọdún kẹta ló le jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń to dátà, bí ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ọdún kẹrin ni ìwádìí àṣekágbá, tí gbogbo ọmọ ń pè ní prójẹ́ẹ̀tì. ENT náà wà láàárín, tí wọ́n fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Àwọn kan ń bínú sí GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò bíi ti àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà, pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Wọn ò jàre pátápátá. Òǹkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tí kò lè kọ lẹ́tà tó yé ènìyàn yóò máa ṣe ohun tí kò yé ènìyàn náà ni. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan láti gbọ́ ohùn ẹnì kan tí gbohùngbohùn rẹ̀ ń dún fáà, ìyẹn ni ohun tó yẹ kí a bínú sí.

Máàkì 70 sókè ni A, tó jẹ́ póíǹtì márùn-ún. 60 sí 69 ni B. 50 sí 59 ni C. 45 sí 49 ni D. Ìpíndọ́gba póíǹtì wọ̀nyí ló ń bí CGPA. Ẹni tó bá ní 4.50 sókè gba ipò kìíní; 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì òkè, 2.40 sí 3.49 ni ipò kejì ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan kò ní lé e kúrò lọ́rùn. Yóò di kàríóva tí yóò máa tẹ̀ lé e títí yóò fi yege. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣeré ni yóò máa fa CGPA wọn sílẹ̀ ní ọdún kẹrin.

SIWES, ìyẹn ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níta ọgbà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àjọ ITF tó wà ní Jos bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Nínú CCMAS, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kọ̀ǹpútà ń lọ: lẹ́yìn ọdún kejì àti lẹ́yìn ọdún kẹta. Orí ìwé, ètò yìí dára gan-an. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé níbo ni ọmọ Ọ̀wọ̀ ti fẹ́ ṣe é? Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n l'Ékòó yóò lọ sí Yábàá, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké onímọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ sí. Ẹni tí kò lẹ́nìkan lè rí ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí yóò máa fi oṣù mẹ́ta tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Wọ́n á buwọ́ lu ìwé rẹ̀, yóò sì gba yúnìtì mẹ́ta bíi ti ẹni tó kọ ètò ìfowóránṣẹ́ fún báńkì.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí wàyí, ibi tí òbí ti máa ń ṣìnà jù. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún yunifásítì kò túmọ̀ sí pé gbogbo dìgírì inú rẹ̀ ni ìjọba ti fọwọ́ sí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìfọwọ́sí tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìdílé ṣe máa ń ní ìwé fún púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rí ìwé púlọ́ọ̀tì aládùúgbò rẹ̀ kò tíì rí ti ara rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun kankan, NUC gbọ́dọ̀ wá wo ohun tó ní nílẹ̀: yàrá, ẹ̀rọ, ìwé, olùkọ́. Nígbà tó bá ṣe, wọ́n á tún padà wá fún àyẹ̀wò gidi. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì mìíràn ni wọ́n ń kó wá. Wọ́n á wo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á ka ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò, wọ́n á ka orí olùkọ́, wọ́n á wọ ibi ìkàwé, wọ́n á sì béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ bí àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ ṣe ń ṣe sí.

Bí máàkì bá tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn apá tó ṣe kókó, ìfọwọ́sí kíkún ni, ọdún márùn-ún ni yóò lò. Bí ó bá wà láàárín 60 sí 69, ìfọwọ́sí fún ìgbà díẹ̀ ni, ọdún méjì péré. Bí kò bá tó 60, wọn ò fọwọ́ sí i, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun sí ẹ̀kọ́ náà mọ́. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹ̀kọ́ tí wọn ò fọwọ́ sí yóò fojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí NYSC bá ń pe orúkọ.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́bi. Ìlànà ní olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ 20. Ó tún ní kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùkọ́ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí igbákejì rẹ̀, kí ìdá 35 jẹ́ olùkọ́ àgbà, kí ìdá 45 tó kù jẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Níbo ni ẹ̀ka kọ̀ǹpútà kékeré kan yóò ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń fi dọ́là pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba B.Sc. tó sì jókòó sílé rẹ̀ l'Ékòó? Ìdí nìyẹn tí àrà fi ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọgbà kan tí a ò ní dárúkọ. Bí ọ̀sẹ̀ àyẹ̀wò bá ti kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀dà ilé tuntun á máa rùn, ìwé tuntun á wọ ibi ìkàwé, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọmọ kankan kò rí rí á sì jókòó sí ọ́fíìsì tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Ìgbà tí àwọn àlejò bá lọ, òun náà á lọ. NUC mọ̀ pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀. Àwọn aṣàyẹ̀wò tí wọ́n ń rán wá ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbòmíràn, ilé tiwọn náà sì ń gbàlejò.

NUC nìkan kọ́ ló ń ṣọ́nà. Láti ọdún 1993, òfin kọkàndínláàádọ́ta ti ọdún náà ti dá CPN sílẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tó sì láṣẹ láti máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì àti ní polí. Osofisan tí a dárúkọ lókè ti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ bí òfin ṣe wà lórí ìwé la ó tẹ̀ lé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà láì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CPN. Lójú pópó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ ètò fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń bẹ tí wọn kò gbọ́ orúkọ CPN rí, bẹ́ẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ kì í bi wọ́n. Dókítà kò lè dán irú rẹ̀ wò.

Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí kò ṣe pàtàkì, kí wọ́n rántí ìròyìn tó jáde ní ìparí ọdún 2023. Akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan gba dìgírì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó sì fi wọ NYSC. Kí oṣù kìíní ọdún 2024 tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Gbogbo ọmọ tó lọ sí Benin lọ kàwé ní tòótọ́ jìyà rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gidi wà ní Benin: ìlànà LMD ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, ọdún mẹ́ta àti kírẹ́díìtì 180 ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gba licence, ọdún mẹ́ta kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń lò ní England kí wọ́n tó gba B.Sc. Iye ọdún kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó lọ wo inú ìwé-ẹ̀rí náà ni kò sí.

Àwọn kan á ní kí ni dìgírì wà fún, nígbà tí ètò ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ 3MTT, tí ilé-iṣẹ́ mínísítà Bósún Tìjání bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ń kọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni. Ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ yóò kọ́ ọmọ ní ohun èlò tó wà lóde lónìí. Bí ohun èlò náà bá yí padà, CSC 203 àti àwọn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ bíi rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ènìyàn lè kọ́ tuntun láì tún sanwó fún olùkọ́. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì, kó ṣe é.

Nígbà náà, kí ni ọ̀rọ̀ àádọ́rin àti ọgbọ̀n? NUC kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́. Ọmọ tó wà l'Ọ̀wọ̀, èyí tó wà ní Sókótó, èyí tó wà ní Calabar, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìdá 30 tó kù, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní Senate, ló máa kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí agbègbè àti èrò tiwọn bá béèrè. Kí CCMAS tó dé, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ń ráhùn pé BMAS ti so wọ́n lọ́wọ́. Okùn ti tú díẹ̀ báyìí. Ó rọrùn gan-an kí ẹ̀ka kan ṣe àdàkọ kọ́ọ̀sì láti inú ìwé yunifásítì mìíràn, kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, kí wọ́n sì pè é ní tiwọn. Kò sí òfin tó dí ọ̀lẹ lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ l'Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Kòkó ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ níbẹ̀, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó tó bá fẹ́ wọ ọjà àwọn gbọ́dọ̀ ní àmì ibi tí oko rẹ̀ wà lórí máàpù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá igbó ni wọ́n gé lulẹ̀ láti fi dá oko náà. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, wọn ò pa á tì. Igbó ọba Ifọ́n kò jìnnà sí oko àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí. Bí àgbẹ̀ Ọ̀sẹ́ yóò ṣe fi ẹ̀rí hàn pé oko òun kò sí nínú igbó náà, iṣẹ́ ọmọ kọ̀ǹpútà ni: àwòrán láti orí sátẹ́láìtì, nọ́ḿbà GPS, àti àkójọ dátà tí kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Kọ́ọ̀sì ọdún kẹta kan péré lè dúró lórí ìyẹn.

Èdè ńkọ́? Yorùbá ìwé ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Yorùbá. Ohun tí ìyá àgbà ń sọ l'Ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí i dáadáa. Ní Ìdóàní, àwọn kan tún ń sọ Ìyàyú, tó bá àwọn èdè ìhà Ẹdó tan, tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò sì pọ̀. Ọmọ ọdún kẹrin tó bá fi prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tó sì tò ó bó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ lè lò ó, ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a ṣe láti Calabar. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà l'Ọ̀wọ̀, fáìlì aláìsàn kò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀; ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń wá ibi tí ọmọ SIWES yóò lọ yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi méjèèjì.

Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò lè dá èyí ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ lè gba ọmọ mẹ́ta mẹ́rin sí ọ́fíìsì wọn fún SIWES; ẹgbẹ́ àwọn olùtà kòkó lè fi ìbéèrè tiwọn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ìlànà náà tilẹ̀ fara mọ́ ọn, torí èrò agbanisíṣẹ́ jẹ́ ara ohun tí aṣàyẹ̀wò ń fún ní máàkì.

Òbí náà ní ohun tó lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, níbi tí gbogbo kọ́ọ̀sì wà láti ọdún kìíní dé ọdún kẹrin. Kí ó kọ́kọ́ wá ọdún tí NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà kẹ́yìn àti irú ìfọwọ́sí tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣí i sí ibi tí àwọn kọ́ọ̀sì wà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú COS, CSC, GST tàbí ENT lásán, Abuja ló sábà máa ń ni ín. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń fi lẹ́tà orúkọ tiwọn sí iwájú àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ó ka àkọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bi olórí ẹ̀ka pé ta ló ń kọ́ wọn, àti pé ẹ̀rọ mélòó ló wà fún wọn.